Bí a ṣe ń ṣe ìwé Yorùbá tí ẹni tí kò ríran lè fi fóònù rẹ̀ kà

Olùkọ́ ya fọ́tò ojú ìwé méjìlá, ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú PDF kan, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì. Àwọn ọmọ tó ń ríran dúpẹ́. Ọmọ kan wà láàrin wọn tí kò ríran. Ó ṣí fáìlì náà, TalkBack, ohun èlò inú fóònù Android tó ń ka ojú fóònù sókè, ka orúkọ fáìlì, ó ka nọ́ńbà ojú ìwé, ó sì dákẹ́. Fọ́tò ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ẹ̀rọ lè kà. Mo ti rí èyí ní Adó-Èkìtì láìmọye ìgbà, èmi náà sì ti fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ rí. Ọjọ́ kẹta ló tó pè mí, ó ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ o." Ọjọ́ kejì ìpè yẹn ni ìdánwò rẹ̀.

Ìwé àlọ́ àti òwe olójú-ìwé méjìlá ni mo fi ránṣẹ́ nígbà náà. Òun náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin, torí òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé náà fúnra rẹ̀. Bí ẹlòmíràn ló kọ ọ́, Àdéhùn Marrakesh ti 2013 àti òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 fàyè sílẹ̀ fún irú ẹ̀dà yìí fún àwọn tí kò ríran tàbí tí ojú wọn kò ríran tó, láìfi ṣòwò. Àyè yẹn kò kan títú ìwé olówó ká fún gbogbo ayé. Ẹni tó nílò rẹ̀ ni kí ẹ fún.
- Fóònù Android tó ní TalkBack, àti ìfetígbọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ fóònù olówó ńlá, torí fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín ní lọ́wọ́.
- Kọ̀ǹpútà Windows tó ní Word tàbí LibreOffice, kí ẹ sì fi NVDA sí i. Ohun èlò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè ni NVDA, ọ̀fẹ́ sì ni.
- Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Gboard ní i lórí fóònù.
- Páwà bánkì tó kún. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ gbígba ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba.
- Òǹkàwé kan tí kò ríran, tó gbà láti bá yín dán an wò. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, ẹ sì san owó àkókò rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe fún yín. Bí ẹ kò bá ní ẹnikẹ́ni, ní Ìkẹ́rẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà, ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bi òǹkàwé yín bó ṣe ń kàwé

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kàwé. Ẹnìkan kò rí ìmọ́lẹ̀ rárá, etí ló fi ń kàwé. Ẹlòmíràn ń rí lẹ́tà tó bá tóbi, bí oòrùn kò bá ti pọ̀ jù. Ẹlòmíràn ń fi ìka ka bíráìlì, fóònù kò sì wù ú. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di bàìbàì lè má mọ bí wọ́n ṣe ń lo TalkBack, ohùn èèyàn ló máa ràn án lọ́wọ́ jù.

Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré: kí lo fi ń kàwé, irú fáìlì wo ló ń ṣí láìyọ ọ́ lẹ́nu, èló lo ń ná lórí dátà? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ní gbólóhùn kan ohun tí ẹ fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Tèmi ni: "Fáìlì Word kan tí TalkBack lè kà, àti ohùn èèyàn fún àlọ́ mẹ́rin."

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú bébà

Bí ìwé náà bá ti wà ní Word lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín. Ìpè kan ṣoṣo lè gba yín lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ má tan iná fóònù, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ojú ìwé kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ síkánà, ẹ fi sí 300 dpi. Google Lens lè yọ ọ̀rọ̀ jáde láti inú fọ́tò. Tesseract, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní fáìlì Yorùbá tirẹ̀, "yor" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Ohun tí ẹ̀rọ yìí bá gbé jáde máa ń jọ Yorùbá, kò sì ní jẹ́ ohun tó wà nínú ìwé. Nínú ìwé wa, Ìjàpá wọ ọkọ̀. Ẹ̀rọ kọ "wọ oko". Gbólóhùn méjèèjì ló ní ìtumọ̀, ẹni tó ń fetí gbọ́ kò ní mọ̀ láé pé a ti yí ìtàn padà mọ́ òun lọ́wọ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ẹni tó ń ríran lè pa ojú dà sí bébà kó yẹ̀ ẹ́ wò, òǹkàwé yín kò ní bébà tó máa padà sí.

Ohun tí mo rí ni pé, bí ìwé kò bá tó ogún ojú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín yá ju kí ẹ máa wá àṣìṣe ẹ̀rọ kiri. Alẹ́ méjì ni mo fi tẹ tèmi.

Nǹkan méjì tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Èkíní ni nọ́ńbà ojú ìwé àti àkọlé tó máa ń wà lókè gbogbo ojú ìwé. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, TalkBack á kà wọ́n mọ́ ìtàn: "Ìjàpá sì wọ inú méje igbó lọ." Èkejì ni pé ẹ̀rọ máa ń gé ìlà bí bébà ṣe gé e, ohùn á sì máa dúró láàrin gbólóhùn. Ẹ so àwọn ìlà pọ̀ títí ìpínrọ̀ á fi jẹ́ ìpínrọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún wa ní Èkìtì: bí òǹkọ̀wé bá kọ "ulé" tàbí "ugbá" bí a ṣe ń pè é nílé, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe sí "ilé" àti "igbá". Òǹkàwé tí kò ríran ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí òǹkọ̀wé kọ gan-an.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹnìkan máa ka bébà sókè, kí ẹlòmíràn máa fi ojú bá a lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe dá a ṣe. Ojú ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ kì í rí àṣìṣe ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tún lẹ́tà Yorùbá ṣe láti inú wá

Ìgbésẹ̀ yìí ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fúnni, òun ló sì ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Lẹ́tà méjì lè rí bákan náà lójú kí kọ̀ǹpútà má kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà yẹn sì ni ohùn ń kà, kì í ṣe bó ṣe rí lójú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni lẹ́tà fi ń jẹ́ ayédèrú:

Àkọ́kọ́, fọ́ńtì àtijọ́. Nígbà kan, àwọn èèyàn ṣe fọ́ńtì tó fi àwòrán "ẹ" bo àmì mìíràn lórí. Lójú, "ẹ" ni. Nínú ẹ̀rọ, àmì yẹn ni. Ẹ yí fọ́ńtì padà sí Arial: bí ọ̀rọ̀ yín bá di wúruwùru lójijì, fọ́ńtì àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

Èkejì, ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ "o" dípò àmì ìsàlẹ̀. Ohùn kò mọ ìlà. "O" lásán ló máa kà.

Ẹ̀kẹta ló ṣòroó rí jù: igi kékeré tó dúró lóòró sábẹ́ lẹ́tà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0329. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan ló ń tẹ ìyẹn. Bí òǹkàwé yín bá wá "ọjà" nínú ìwé tí wọ́n fi igi yìí kọ, ẹ̀rọ á sọ fún un pé kò sí ọjà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà wà ní gbogbo ojú ìwé.

Nọ́ńbà tó tọ́ nìyí: ẹ ni 1EB9, ọ ni 1ECD, ṣ ni 1E63. "Á" ní nọ́ńbà tirẹ̀ lódindi, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Lẹ́tà "ẹ" ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí àmì òkè, 0301, tẹ̀lé e. Àmì ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn dò, ni 0300. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí "ẹ́" tó kúrò tán.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nínú Word: ẹ da lẹ́tà náà kọ sórí ìlà òfìfo, kó dá wà níbẹ̀. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ Alt àti X pọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ á jáde. Ẹ tún un tẹ̀, lẹ́tà á padà. Ẹ má ṣe é láàrin ọ̀rọ̀ o! Bí lẹ́tà bí a, b tàbí d bá wà níwájú rẹ̀, Word á kà á mọ́ nọ́ńbà, á sì gbé nǹkan mìíràn wá fún yín. Mo ti ba orúkọ èèyàn jẹ́ lọ́nà yìí nínú ìwé kan, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde kí n tó rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo "Find and Replace" láti pààrọ̀ gbogbo "o" onígi sí "ọ", gbogbo "e" onígi sí "ẹ", gbogbo "s" onígi sí "ṣ". Ẹ ṣe lẹ́tà ńlá náà lọ́tọ̀.

Ẹ má sì yọ àmì ohùn kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Igba, igbá, ìgbà, igbà: iye kan, ohun tí a fi ń bu omi, àsìkò, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tó ń ríran lè fi ojú ko gbólóhùn yòókù jọ kó lóye. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn kò ní àǹfààní yẹn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá yín tẹ "ọjà", "ẹṣẹ̀" àti "ọmọ" sínú àpótí ìwákiri. Bí iye tí ẹ̀rọ bá rí kò bá bá iye tí ẹ fojú rí mu, ayédèrú ṣì kù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi àkọlé gidi sí i

Ẹni tó ń ríran máa ń ṣí ìwé fààfàà títí á fi rí ibi tó ń wá. Ẹni tó ń lo NVDA ń tẹ H, á sì fò láti àkọlé kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n H kò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kàn sọ di ńlá, tí ẹ sì sọ di dúdú. Ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tẹ "Heading 1" nínú Styles fún orí kọ̀ọ̀kan, "Heading 2" fún ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìwé wa ní "Àlọ́" àti "Òwe" ní ìpele kìíní. Àlọ́ mẹ́rin wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ má fo ìpele, kí 3 má tẹ̀lé 1.

Orin inú àlọ́ ló gbà mí lákòókò jù. Nínú bébà, wọ́n fi lẹ́tà títẹ̀ (italic) kọ ègbè, ojú á sì mọ ẹni tó ń lé àti àwọn tó ń gbè. Etí kì í gbọ́ lẹ́tà títẹ̀. Ohùn ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ló ń dá sọ ọ́. Mo wá kọ "Lílé:" àti "Ègbè:" sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohunkóhun tó bá jẹ́ pé àwọ̀, ìtóbi tàbí títẹ̀ lẹ́tà nìkan ló ń sọ ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí NVDA, ẹ tẹ bọ́tìnì NVDA (Insert ni) àti F7 pọ̀. Àpótí kan á jáde, ẹ yan "Headings" nínú rẹ̀, ẹ ó rí àtòkọ àkọlé. Bí ẹni tí kò tíì rí ìwé náà rí bá lè fi àtòkọ yẹn nìkan mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ti dáa.

Ìgbésẹ̀ 5: Àwòrán àti àtẹ

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán náà, ẹ yan "Alt Text", kí ẹ sọ ohun tí àwòrán ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ náà. "Àwòrán" lásán kò wúlò. "Ìjàpá gbé igbá sáyà, ó ń gun ọ̀pẹ, igbá kò sì jẹ́ kó gun ún dáadáa" wúlò. Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó. Bí òdòdó ẹ̀gbẹ́ ìwé lásán bá ni, ẹ sàmì sí i pé ọ̀ṣọ́ ni, kí ohùn lè fò ó.

Àtẹ tó wà fún ẹwà nìkan, ẹ tú u ká.

Ìgbésẹ̀ 6: Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí díẹ̀

Ẹ̀dà títẹ̀ ni èyí, tàbí ti ojú fóònù. Ẹ fi lẹ́tà sí 18, kí àyè ìlà jẹ́ ìlọ́po kan àtààbọ̀. Lórí Yorùbá, àyè yẹn ṣe pàtàkì ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ á gun àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè. Ẹ má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan, torí ìlà yẹn á gbé àmì abẹ́ "ọ" mì, "ọkọ" á di "oko" lójú ẹni tí ojú ń dà láàmú.

Ìlànà àgbáyé fún íntánẹ́ẹ̀tì ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. 7 sí 1 ló dáa jù fún àwọn tí à ń bá ṣiṣẹ́. Dúdú lórí funfun kọjá ìyẹn dáadáa. Eérú lórí funfun, tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn, kì í sábà dé ibẹ̀. Àwọn kan fẹ́ funfun lórí dúdú nítorí ìmọ́lẹ̀ ń ta wọ́n lójú, ẹ bi wọ́n.

Ẹ tún gbé fáìlì náà jáde ní EPUB, irú fáìlì tí wọ́n ń lò fún ìwé orí fóònù, láti inú LibreOffice. Nínú EPUB, bí òǹkàwé ṣe ń sọ lẹ́tà di ńlá, ìlà á máa tún ara rẹ̀ tò. Nínú PDF, ńṣe ni yóò máa fi ìka fa ojú ìwé sọ́tùn-ún sósì títí á fi rẹ̀ ẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé fóònù jáde sínú oòrùn ọ̀sán, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù dé ìdajì, kí ẹ kà á.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohùn

Ẹ yẹ ètò ohùn wò lórí fóònù òǹkàwé yín gan-an, kì í ṣe lórí tiyín, bóyá Yorùbá wà nínú àwọn èdè rẹ̀. Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, gbé ohùn Yorùbá kan jáde ní 2023 lábẹ́ iṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ MMS, ṣùgbọ́n ó gba ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa láti lò ó. Bí kò bá sí Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló máa ka ìwé yín. Òmíràn á fo àmì ohùn, òmíràn á máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé fi wá ibi kan nínú ìwé. Kò ṣeé fi gbọ́ àlọ́.

Fún ìdí yìí, ẹ gba ohùn èèyàn sílẹ̀ fún apá tó ní orin tàbí ewì. Yàrá tí aṣọ kọ́ sí púpọ̀ ló dáa jù. Kí fóònù jìn sí ẹnu tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Ẹ dúró de òjò kó dá: páànù kì í jẹ́ ká gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ ka orúkọ àlọ́ náà lákọ̀ọ́kọ́ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má yára. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún gbólóhùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó gé ti àkọ́kọ́ kúrò lẹ́yìn náà.

MP3 mono ní 64 kbps tó fún ohùn ọ̀rọ̀. Wákàtí kan á gba nǹkan bí MB 29. Bí dátà bá jẹ́ ìṣòro, 32 kbps á dín in kù sí nǹkan bí MB 14, ohùn á sì ṣì yé ni.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ìfetígbọ́ olówó pọ́ọ́kú gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ẹ̀bá títì tí ọ̀kadà ń kọjá. Ibẹ̀ ni òǹkàwé yín ti máa gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e fún òǹkàwé yín, kí ẹ sì panu mọ́

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ dán an wò fúnra yín. Ẹ di bọ́tìnì ohùn méjèèjì mú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, TalkBack á tàn bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀. Ẹ fi ìka gbá ojú fóònù sọ́tùn-ún láti lọ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí nǹkan. Ẹ yíjú kúrò lára fóònù. Bí ẹ bá ní láti yọ́jú wò kí ẹ tó rí àlọ́ kẹta, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ sọ fáìlì lórúkọ tó ṣeé gbọ́ létí, kí nọ́ńbà ṣáájú: "01 Ìjàpá àti igbá ọgbọ́n". Etí ló fi ń yan fáìlì.

Ẹ wá jókòó ti òǹkàwé yín. Ẹ fún un níṣẹ́, ẹ má béèrè bóyá ó dáa, torí ọmọ tí a kọ́ dáadáa kò ní sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa. "Wá òwe tó dárúkọ àgbà fún mi." "Lọ sí àlọ́ tó kẹ́yìn." Ẹ ka iye ìgbà tó ṣi ọ̀nà. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má darí ìka rẹ̀. Ìyẹn ló ṣòro fún mi jù lọ, ọwọ́ mi ń yún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkẹ́rẹ́ náà ló dán ẹ̀dà tuntun wò. Ó rí òwe náà kí n tó gbé ife omi tí ìyá rẹ̀ fún mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àlọ́ kẹta, ó dúró. Ó gbá a padà, ó tún gbọ́ ọ, ó ní, "Sà, ta ló ń kọ orin yìí, Ìjàpá ni àbí Yánníbo?" Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti kọ "Lílé" àti "Ègbè" nínú àlọ́ mẹ́ta, mo gbàgbé ti èyí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lórí àga, mo fi í sí i, mo sì tún fáìlì náà fi ránṣẹ́ sí i kí n tó wọ ọkọ̀ Adó.